Akọni Mi Tí Kò Lu Bọ́ọ̀lù

Ǹjẹ́ ẹ ti rí akọni tí kò lu bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan rí, síbẹ̀ tí ó borí àwọn tí ń lù ú? Mo rí i lójú àlá láàárọ̀ yìí. Èmi àti àna mi, Bàbá Adéwálé, yan agbábọ́ọ̀lù onígi Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní baseball, kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá fìdí rẹmi yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì lójú àwọn ọmọ wa.

Ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tèmi di igi mú, ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, ara rẹ̀ ni ó ń bà, òfin sì ni pé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà yóò sún síwájú lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Adéwálé fi mí ṣẹ̀sín: "Àna mi, ṣé òpó ilé lẹ yàn ni?"

"Òpó ni. Òun náà ló gbé ilé ró."

Ikùn akọni mi ń wú, ó tó agbọ̀n, ó tó àká ọkà. Pápá di àgbàlá mi. Ó rọra ń yí lọ bí ọmọ ọlọ, ó ń kí èrò, títí ó fi yí pápá ká, ó sì gba àmì ayò tí ti àna mi kò rí gbà. Mo gbé àyà sókè bí àkùkọ. Àna mi ká agbádá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, mo sì jí.

Èmi ni mo borí.