Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀ Apẹ̀rẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀yìn nílé ìwòsàn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi: bí èèyàn méjì bá ń gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e, ẹni òkè kàn ń fọwọ́ bá a dì í mú ni. Mo dorí kodò nígbà tó sọ ọ́.

Ilé ìtura ńlá kan la ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ la ti ń fọ aṣọ ibùsùn, orí òrùlé la ti ń sá a. Àwọn àlejò nìkan ló ń wọ lífíìtì. Ọdún mẹ́jọ la fi jọ ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ kìíní ni mo ti sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí, kó jẹ́ kí n máa wà lókè. Orúnkún ò dùn mí rí.

Èmi ni mo bá a lọ sílé ìwòsàn, torí èmi ni mo mọ̀wé díẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí ẹ̀gbọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ikùn mi léèrè ná. Tí ẹ̀yìn bá ń sinmi, òun ni yóò máa lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá báǹkì kan jókòó sórí àga yẹn láàárọ̀, irú ìrora yìí gan-an, ó sì ti gba ìsinmi lọ. Ló bá kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ ìjókòó.

Iṣẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ wa: ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ibùsùn tó ya. Ìyá tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá wa sì ti ṣèlérí àga náà fún mi.

Ọ̀gá ka lẹ́tà tán, ó pè mí wọ ọ́fíìsì.

"Ìwọ àti òun lẹ jọ ń gbẹ́rù. Ṣé iṣẹ́ wa ló bà á lẹ́yìn jẹ́, àbí ó gbé e wá látilé? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ wa, mo gbọ́dọ̀ fún un lága yẹn. Tó bá gbé e wá, mi ò lè bá a ru àìsàn rẹ̀. Kó máa lọ."

Mo ro ti àga náà. Mo ro ti ẹ̀yìn tèmi, tó ti ń kùn tí mo bá jí.

"Ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ti ń dùn ún kó tó débí, mà."

Ìgbà tí mo yíjú, ẹ̀gbọ́n ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

"Àbúrò," ó ní, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, "oúnjẹ rẹ wà lábẹ́ tábìlì. Mo ti dé e."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a létí létí bí a ṣe ń ká aṣọ àwọn àlejò, ó gbé e sílẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó. Ó fọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó gba ẹnu géètì jáde, ó bọ́ sáàárín èrò, kò bojú wẹ̀yìn.