Ẹni Tí A Ò Rí Ojú Rẹ̀

Níbi tí mo wà báyìí, bàbá kì í wọ yàrá ọmọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Mo ń ṣàárò Ìbà, nílé Àlàájì Bùràímọ̀ tí mo ti háyà títí àwọn ọmọ mi fi wá mú mi lọ sókè òkun. Nílé yẹn, bí o bá tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á bi ọ́ pé kí lò ń ṣe ńbẹ̀.

Hikmat ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ó ti jáde yunifásítì, ó sì ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ ti ní bí oṣù yẹn bá parí láìríṣẹ́, kó kẹ́rù bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó wá jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Kò fẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájì pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ yẹn tilẹ̀kùn, ó ń fimú sọ òyìnbó."

"Intafíù ni, Àlàájì."

"Ta ní ń ṣe intafíù fún ọmọbìnrin nínú yàrá? Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ṣe tèmi."

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ọlọ́pàá wá kó àwọn ọmọ Yahoo nílé tó kángun sí tiwa, ẹ̀rù sì ń ba Àlàájì. Ó taari ilẹ̀kùn, ó wọlé. Mo tẹ̀lé e, kó má baà bú ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn tó ń ṣe intafíù náà ti kìlọ̀ fún Hikmat pé kò gbọdọ̀ sẹ́lòmíì nínú yàrá, kò sì gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà, torí àwọn kan máa ń fi ẹni tó mọ̀wé jù wọ́n lọ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa sọ ìdáhùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bó ti rí àgbàlagbà méjì lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí.

"Ẹ káàsán, sà."

Kámẹ́rà ò rí nǹkan kan mọ́ àfi ògiri. Ohùn ọkùnrin kan jáde látinú láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó rà ní Àlàbá, ó fi òyìnbó béèrè ẹni tó ń sọ ìdáhùn fún un. Hikmat sáré dìde, ó ní onílé òun ni, òun ń kí wọn ni. Ọkùnrin náà ní kó gbé láptọ́ọ̀pù yípo yàrá. Ó gbé e yípo: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, aṣọ tútù, Àlàájì, èmi.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Dúdú ni, orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Òun fúnra ẹ̀ dà?"

"Wọn ò ṣí kámẹ́rà tiwọn, sà."

"Ó rí bẹ́ẹ̀dì ẹ, ìwọ ò rí imú ẹ̀. Ní Ìbà níbí, ẹni tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ ló máa ń fojú pamọ́. Kí lo ti fún un?"

"Fọ́tò mi, sà. Àti káàdì ìdánimọ̀."

"Ní kó jẹ́ ká rójú ẹ̀."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ yìí á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ tó bá bọ́ torí ojú, kì í ṣe iṣẹ́."

Mo rí i pé ìfura ti wọ Hikmat náà lára. Ó rọra fi òyìnbó béèrè bóyá òun lè rí ọ̀gá náà. Ọkùnrin náà gé ìpè náà.

"Olè ni," Àlàájì wí.

"Tàbí kó jẹ́ pé ẹ ti lé mi níbi iṣẹ́ tí n ò tíì gbà." Kò fi sà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ̀wé sí i pé àwọn ò lè bá a tẹ̀síwájú, torí ó kúrò níwájú kámẹ́rà. Mo gbà pé iléeṣẹ́ gidi ni. Àlàájì ní ṣé olè ò mọ̀wé kọ ni? Títí dòní, n ò mọ èyí tó jóòótọ́. Hikmat bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.

Kó tó dì í tán, iléeṣẹ́ mìíràn pè é fún intafíù. Àlàájì yọ̀ǹda pálọ̀ tirẹ̀ fún un, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀. Ó lé ìyàwó rẹ̀ padà. Kódà lèmọ́mù tó wá kí i láti Òkòkòmáìkò, ìta ló dúró sí.

"Ẹ rọra o," ló ń sọ fún wọn. "Wọ́n ń yẹ ọmọ wa wò."

Nígbà tí Hikmat jáde, omi ti lé sí i lójú.

"O rójú ẹ̀?"

"Àwọn mẹ́ta ni, sà. Gbogbo wọn ló ṣí kámẹ́rà. Wọ́n ti gbà mí."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, sà."

Àlàájì dìde, ó gbé àga rẹ̀.

"Ṣọ́ra fún ẹni yẹn."