Àwọn Tó Tẹ Amọ̀ Adágún

Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ Ìkìrun, ló ní kí n kọ ìtàn adágún òṣíbàtà tó wà láàárín ọgbà. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó kí àlejò máa rí i kà. Mo lọ bá ìyá mi àgbà, Màmá Àtọ́kẹ́, torí àwọn nìkan ló kù láyé nínú àwọn mẹ́ta tó ṣe é.

Amọ̀kòkò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Màmá, Àyìnkẹ́ àti Ẹ̀rínọlá. Kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ni adágún yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìkòkò ò tà mọ́, wọ́n da amọ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá títí ó fi dán, kí omi má baà jò. Àyìnkẹ́ ru òṣíbàtà wá láti odò Inisa. Ẹ̀rínọlá ará Òkukù ló gbìn ín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo mú un lọ fún Ọláwuyì.

Ọláwuyì fi bírò pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ti bàbá tiẹ̀ ló kọ síbẹ̀, bàbá tó jẹ́ pé fẹ́ńsì ọgbà nìkan ló ṣe kó tó kú. Ó ní ta ló fẹ́ ka ọ̀rọ̀ àwọn ìyá alámọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà. Mo gbé inú bíbí mi wálé.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ fẹ́ tún adágún ṣe de àlejò. Wọ́n fi ṣọ́bìrì ha ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Amọ̀ yẹn ni wọ́n pè ní ìdọ̀tí! Láàárín ọjọ́ méjì, omi ti fà dé ìdajì. Ọláwuyì sáré wá sílé wa, ó ń bẹ Màmá pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń tẹ amọ̀.

Màmá ti ń wá bàtà wọn. Èmi tí kì í wojú àgbà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kọ́kọ́ dá orúkọ wọn padà, sà.”

“Ìwọ yìí náà lẹ́nu? Wọ́n ti kun pátákó tán.”

Màmá jókòó padà. “Ọláwuyì, lọ pe bàbá rẹ kó wá tẹ̀ ẹ́. Ṣebí òun ló ṣe é.”

Ó lọ láìdágbére.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá wọ inú ẹrẹ̀ adágún. A fa òṣíbàtà tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, a kó o sínú báàfù. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní ohun ìjọba ni. Màmá ò tiẹ̀ wò ó.

Ọ̀kadà kan gbé wa lọ sí Inisa. Omi báàfù ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, inú ṣì ń bí mi. A dá òṣíbàtà padà sódò tí Àyìnkẹ́ ti rù ú wá.