Ọwọ́ Kẹ́hìndé Kò Kan Etí

Lọ́dún tí wọ́n kéde pé ìjọba yóò fi owó epo rọ̀bì rán gbogbo ọmọ nílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àfi bí ẹni pé ọdún Iléyá ló wọ Ìgàndó. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ wọlé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a ti kún ọgbà ilé ìwé bámúbámú. Ìyá ọkọ mi ń jó, èmi ń ki àwọn ìbejì mi.

Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, yóò fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti pé ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Táyéwò kọ́kọ́ lọ. Ó na ọwọ́, ó fa etí rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ já a. A hó yèè! Tíṣà Ìbíyẹmí, obìnrin Èkìtì tó ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ, gbà á.

Ó ku Kẹ́hìndé. Èèyi tó ṣe é lọ́dún tó kọjá kò jẹ́ kí ó dàgbà tó èkejì rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni ìyá ọkọ mi ń fi òrí fa apá rẹ̀, síbẹ̀ kò gùn sí i.

Ìyá ọkọ mi fa èmi àti àwọn ìbejì lọ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ.

"Ìyá Ìbejì, jẹ́ kí Táyé padà lọ na ọwọ́. Kí ó ní òun ni Kẹ́hìndé."

"Ìyá, bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò mọ̀? Aṣọ kan náà, ojú kan náà! Èmi tí mo gbẹ̀bí wọn gan-an, mo máa ń fún ẹnì kan lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Yára jàre, àyè ń tán lọ!"

Kí n tó fèsì, Táyé ti sáré lọ, ó ń pariwo pé, "Èmi ni Kẹ́hìndé! Èmi ni Kẹ́hìndé!"

Kẹ́hìndé di ìró mi mú. "Màámi, bí Táyé bá jẹ́ èmi, ta wá ni èmi?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Àwọn ọmọ tí mo ń nà nítorí irọ́ ẹran inú ìkòkò, ṣé èmi náà ni n ó kọ́ wọn ní irọ́ kí wọ́n tó kọ́ a, b, d? Mo gbé Kẹ́hìndé, ó di eré.

"Sìdíkátù! Padà!" Ìyá ọkọ mi kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀. "Wọ́n á lé àwọn méjèèjì!"

Táyé ti wà níwájú tíṣà, ó ti gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákun, Tíṣà! Táyé tí ẹ ti gbà lẹ́ẹ̀kan náà ló tún dé yìí. Kẹ́hìndé gan-an rèé. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí."

Kẹ́hìndé na ọwọ́, ó fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró. Kò kàn án.

Tíṣà wo Táyé, ó wo Kẹ́hìndé, ó tún wo Táyé.

"Ìyá Ìbejì, ọjọ́ wo lẹ bí wọn?"

"Ọjọ́ kan náà ni, Tíṣà. Omi orí iná kò tíì hó tí èkejì fi dé."

Ẹ̀rín sọ nínú èrò. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

"Bí èyí bá ti pé ọdún mẹ́fà, báwo ni ìyẹn yóò ṣe jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún? Ká ní ẹ kò mú wọn wá pọ̀ ni, ọwọ́ nìkan ni ǹ bá wò. Ẹ̀yin ọmọ, ó yá, ẹ wọlé!"

Ariwo ta! Ìyá ọkọ mi ti gba àárín èrò kọjá, ó ń lu àyà. "Ṣé ẹ rí ìyàwó mi? Èmi ni mo kọ́ ọ ní òtítọ́!"

"Ìyá!"

Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ó dáa! Èmi kọ́ o!"

A jọ sáré tẹ̀ lé àwọn ọmọ wa lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.