Ìyá Fáìlì àti Agbára Tó Wálé

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ìyá Fáìlì fi jẹ́ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ìgbà díẹ̀! Ọmọ tó wà nínú oyún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀. Ó ń kọ̀wé sí olú-ìlú ṣáá pé kí wọ́n sọ òun di òṣìṣẹ́ gidi. Oṣù mẹ́rìnlá ni èsì máa ń gbà kó tó dé, ohun kan náà ló sì máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ ṣì ní sùúrù. Sùúrù wá ń tán lọ, nítorí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, òfin sì ní ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-dínláàádọ́ta kò lè di òṣìṣẹ́ gidi mọ́. Ẹni tí kò bá sì di òṣìṣẹ́ gidi kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yàrá fáìlì ọ́fíìsì náà. Olú-ìlú ṣèlérí pé àwọn yóò fi nọ́mbà ránṣẹ́ tí wọn yóò fi máa to fáìlì, nọ́mbà kò dé. Ló bá to wọ́n bí ilé ṣe tò ní ìgboro. Kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà ni òpópónà ilé-ìwòsàn. Tí o bá yà sọ́wọ́ òsì, o ti dé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá mọ ìlú á rí fáìlì tó ń wá.

Ọjọ́ tí ìjọba kéde pé agbára ti kúrò ní olú-ìlú, pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀, inú Ìyá Fáìlì dùn débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lórí iná. Agbára pàápàá ti gbọ́ pé ilé làbọ̀ ìsinmi oko.

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyá wọn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́ ló ń dá ọ dúró látọjọ́ yìí. Ó ti wá di ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́."

"Àmín o, bàbá wọn."

Kò pẹ́ tí Alága ìgbìmọ̀ ìlú fi ránṣẹ́ pè é. "Ìyá Fáìlì, ẹni tó mọṣẹ́ la fẹ́ gbà o. Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọn ò fi ní sọ pé a ṣojúsàájú?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣèdánwò, sà. Kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sí ìwé. Nọ́mbà nìkan ni kí wọ́n kọ."

Alága pàtẹ́wọ́ fún un.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó ṣèdánwò. Nọ́mbà keje gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́mbà kẹta gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣí àpò tí orúkọ ẹni tó ni nọ́mbà kọ̀ọ̀kan wà, nọ́mbà keje ni Ìyá Fáìlì. Nọ́mbà kẹta ni àbúrò ìyàwó Alága, tó ti ń gbé olú-ìlú láti kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tó gbọ́ pé agbára ti wálé. Ìgbìmọ̀ bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣèpàdé fún wákàtí mẹ́ta.

"Ẹ wò ó," Alága sọ fún un nírọ̀lẹ́, "gbogbo wa la gbà pé ẹ mọṣẹ́. Ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Tí a bá gbà yín, iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà lẹ ó máa ṣe. Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún ìlú? Ṣùgbọ́n tí a bá gba ọmọkùnrin yẹn, ẹ ó kọ́ ọ níṣẹ́, a ó sì wá ní ẹni méjì."

Ó dun Ìyá Fáìlì wọnú eegun. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Ẹ dákun, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀," Alága fi kún un. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn lò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tiẹ̀ bá wọn tún ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ṣe. Lẹ́yìn náà ló ki bébà mìíràn sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ lẹ́tà tirẹ̀ pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi í sínú fáìlì tó yẹ, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì. Ó sunkún délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ rán bọ́tìnnì.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá tuntun wá nọ́mbà lára fáìlì títí, kò rí i. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni kó yà sí, kò mọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé àti àwọn tó ń jà sí ààlà tò síta bí ẹni tó ń pọn omi. Ni Alága bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

"Ìyá wa, ẹ ṣàánú wa. Ibo ni fáìlì ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọjà wà?"

Ìyá Fáìlì dìde, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí iṣẹ́ ló fi sílẹ̀, kò fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kọ lẹ́tà wá. Èsì á dé láàárín oṣù mẹ́rìnlá."

Alága bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Ṣùgbọ́n, Ìyá Fáìlì, èmi nìyí! Ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ yín!"

"Ẹ má wulẹ̀ kọ orúkọ sí i nígbà náà, sà," ni ó wí, ó sì fa òwú gba ojú bọ́tìnnì kọjá. "Nọ́mbà ni kí ẹ kọ, kí wọ́n má baà sọ pé mo ṣojúsàájú."