Ìlà Haleemah

Kò wọlé, kò jáde. Ṣòkòtò tí mo fi ọwọ́ ara mi gé, tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, ó dúró sí agbede méjì itan mi bí ọlọ́kadà tó rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán — kò lè wá, kò lè padà.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo ti gbé tòsì. Mo ti fò lẹ́ẹ̀kan, àga sì ṣubú. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá á rò pé mò ń na ẹnì kan níbí. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Èmi Mosúnmọ́lá, ìyá Mùs'áb, aránṣọ tí gbogbo Òwu mọ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi lọ́sàn-án gangan, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Tí wọ́n bá sì ti pe ìrun Alásárì, Haleemah á dé. Á ní òun wá kí n gé ṣòkòtò tòun.

Kí n fi kí ni gé e? Bébà wo?

Pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí n mí ná. Kí n má ro ti Haleemah, ti ṣòkòtò ni kí n kọ́kọ́ rò... Irọ́ ni. Ṣòkòtò kì í ṣe wàhálà. Ṣòkòtò á ya, a ó tú u, a ó tún un rán. Bébà yẹn ni kò ṣe é rán.

Ummulkulthum, ọmọ Haleemah, ló fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Pátánì. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń wé bàtà tuntun. Ṣòkòtò ìdárayá wà nínú rẹ̀, ẹ̀wù gígùn tó bo ìdí wà nínú rẹ̀, kaba tí èèyàn lè wọ̀ lọ sọ́jà náà wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ò sì ya bébà kan sọ́tọ̀ fún ìwọ̀n kan. Gbogbo ìwọ̀n ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà kan náà, ìlà nínú ìlà, bí abọ́ tí wọ́n kó sínú ara wọn. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú, èyí tó tóbi wà lẹ́yìn. Oníkálukú á yan ìlà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gé bébà náà. Èèyàn á tẹ́ bébà mìíràn lé e lórí, á fa ìlà tirẹ̀ sórí ìyẹn, á wá gé ìyẹn. Ìdí ni pé tí o bá gé ìlà inú, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kú.

Tóyìn, ọmọ iṣẹ́ mi, mọ èyí. Tóyìn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi jíìpù sí ẹ̀yìn aṣọ, òun ló kà á lára àpò pátánì fún mi lánàá kó tó lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Owódé. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ṣé èmi ni wọ́n á máa kọ́ ní gígé? Ojú ni mo fi ń gé aṣọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: tẹ́ aṣọ, wo oníbàárà, fa ṣọ́ọ̀kì, gé. Mo ti fi àwọn onípátánì rẹ́rìn-ín títí: èèyàn tó ń wo bébà kó tó mọ ibi tí ìdí wà.

Haleemah fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, nínú ọ̀rá, bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún ìyá ọkọ. "Ẹyọ kan ni o, Ìyá Mùs'áb. Ọmọ ní òun ò rí irú rẹ̀ rà mọ́." Ó ti fi báírò pupa tọ ìlà tirẹ̀ yí ká, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìlà tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn.

Ní Sátidé ni àwa obìnrin asalátù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní pápá ìṣeré Kútọ̀. Àwọn mìíràn ń lọ nítorí fọ́tò. Ìyá Ameenah ń lọ nítorí pé wọ́n ní a ó máa mu tíì lẹ́yìn rẹ̀. Haleemah nìkan ni dókítà rán. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọ́n ní tí kò bá rìn... dókítà ò parí ọ̀rọ̀ náà, Haleemah náà ò parí rẹ̀ fún mi. Ó kàn ní tí òun bá rí aṣọ tó bo òun, tí kì í ṣe ìró tó ń tú lójú ọ̀nà, òun á bá wa jáde. Tí òun ò bá rí i, òun á máa rìn nínú ilé. Nínú ilé. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ibi tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló wá ṣe mí?

Adépéjú ni. Rárá... Adépéjú kàn jókòó ni. Ìyàwó Bọ́lárìnwá, Bọ́lárìnwá tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó, tó ń jókòó nínú mọ́tò, tó ń jókòó nínú ọ́fíìsì, tó tún ń jókòó nínú mọ́tò, tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ fi ń dán ju bàtà rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síbí láàárọ̀ yìí, ó ń jẹ ẹ̀pà mi, ó tẹ́ bébà Haleemah sórí tábìlì, ó ń wo ìlà.

"Ìyá Mùs'áb, nínú gbogbo èyí, èwo ni tiyín?"

Ìka mi lọ sórí nọ́ńbà mẹ́wàá, ìlà àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú. Èmi ò rán an o. Fúnra rẹ̀ ló lọ.

Adépéjú wo ìka mi. Ó wo ìdí mi. Ó bu ẹ̀pà mìíràn.

Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, èsì wà lẹ́nu mi, ó gbóná, mi ò ní í wá a. Ṣùgbọ́n ojú lásán, kí lèèyàn ń fi dá ojú lóhùn? Mo mú sísọ́ọ̀sì. Láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, fẹ̀ẹ̀ẹ̀, mo gé e. Kì í ṣe bébà mìíràn. Bébà náà gan-an. Mo fẹ́ kó rí i pé ẹni tó mọ ara rẹ̀ kì í fa ìlà kó tún fa ìlà. "Ẹ kú iṣẹ́ mà," ló wí. Ó sì ń jẹun lọ.

Àwọn ìlà ìta sì bọ́ sílẹ̀ bí èèpo ọsàn. Mo gbá wọn. Mo tún fi púpọ̀ nínú wọn nu epo ara máṣíìnì — orí mi yìí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó mu epo dáadáa. Mo wá fi èyí tó kù gé ṣòkòtò tèmi, mo rán an.

Kò tíì há mi lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn ni. Nígbà yẹn, mo ṣì tẹ́ẹ́rẹ́.

Nítorí bùbù ni. Mo ti wọ bùbù pẹ́. Aṣọ dáadáa ni, aṣọ ọmọlúàbí, kì í bi èèyàn léèrè nǹkan kan. Èèyàn á wọ inú rẹ̀ ní ọmọge, kò ní í mọ ìgbà tó di ìyá àgbà níbẹ̀. Tàófíìkì ọkọ mi ní mi ò yí padà láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Kò wò mí kó tó sọ ọ́. Ìròyìn ló ń gbọ́. Èmi sì gbà á gbọ́. Èmi tí mo máa ń wo ẹni tó ń sọdá títì, tí mo mọ ìbàdí rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ojú mi ń rí gbogbo Abẹ́òkúta. Kò rí ohun tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi.

Ó yẹ kí n wá nǹkan sọ fún Haleemah.

Mo lè ní Tóyìn ni. Ó wà ní Owódé, kò sí níbí láti sẹ́. Á ti ibi ìgbéyàwó dé, á bá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ nílẹ̀... Rárá. Ọmọ tó kà á fún mi.

Mo lè ní eku ni. Eku wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí lóòótọ́, gbogbo ayé mọ̀. Eku tó mọ̀wé, tó jẹ gbogbo ìlà, tó wá bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà mẹ́wàá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Haleemah náà á rín in.

Tàbí kí n kàn wọ̀n ọ́n. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ mi ni? Kó dé, kó dúró níbí, kí n yọ téèpù, kí n gé e bí mo ti ń gé gbogbo èèyàn. Kí ló wá le níbẹ̀?

Kí n kọ́kọ́ bọ́ nínú ohun tó há mi yìí. Ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni màá tú. Ó kù kí n mọ ibi tí màá tú u dé. Téèpù dà? Ọrùn mi ló wà. Ó dáa. Mo gbé bùbù sókè, mo fi àgbọ̀n dì í mú. Téèpù yí ìdí mi ká... ó ń yí... ó ṣì ń yí. Ó tutù. Mi ò mọ̀ pé téèpù máa ń tutù báyìí lára èèyàn. Ó ti pàdé ara rẹ̀. Mo wo nọ́ńbà náà.

Mo ká téèpù kíákíá, mo há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Mi ò kà á síta.

Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́tìnnì wà ní fífà, kò sí Tóyìn, kò sí Adépéjú. Èmi tí mo máa ń pariwo rẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ kó lè kọ ọ́, ìbàdí ìyàwó álífà, àyà tíṣà, tí ọlọ́kadà ìta máa ń gbọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ọ̀gá ń wọ̀n, ọ̀gá ń ké, ọmọ iṣẹ́ ń kọ. Mi ò lè sọ ti ara mi fún ògiri.

Ó tún wá jẹ́ pé... dúró ná. Nọ́ńbà yẹn. Lára àpò pátánì, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìlà kọ̀ọ̀kan sí, ìlà rẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìlà tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn. Ìlà báírò pupa.

Ìlà Haleemah ni ìlà mi.

Haleemah tí mo... nígbà iléyá. Lẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ rán, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, gbogbo wọn ń dúró de aṣọ ọdún. Mo yí téèpù sí i ní ìdí, mo wá kígbe sí Tóyìn pé, "Má tíì kọ nǹkan kan o. Téèpù gbéra l'Abẹ́òkúta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Itori ni, ó kù kó dé Èkó." Ìyá Ameenah fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí àga ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé mi ò tíì dẹ́kun rẹ̀. Láàárọ̀ yìí gan-an mo tún sọ ọ́ fún Adépéjú, lórí bébà Haleemah.

Haleemah náà rín in lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Mosún, o ò ní í pa èèyàn." Mo ní ọ̀rẹ́ mi nìyí, ọ̀rẹ́ ilé kéwú, ẹni tó ṣeé bá ṣeré.

Kò sì tún jẹ́ kí n wọn òun mọ́. Báwo ni mi ò ṣe rí ìyẹn? Láti iléyá, aṣọ àtijọ́ ló ń mú wá. "Rán an bí èyí." Á jù ú sórí tábìlì, á ní òun ń kánjú. Mo ní òwò ọjà ni kò jẹ́ kó ráyè. Kaba, bẹ́ẹ̀. Búbà, bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Haleemah ò ní ṣòkòtò kankan rí láyé rẹ̀ tó lè mú wá pé kí n rán an bí èyí.

Ló bá ní kí ọmọ wá bébà.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nìyẹn. Ó yí téèpù ká ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe dúró yìí, ó sì fi báírò wá ìlà rẹ̀ nínú gbogbo ìlà. "Mo ti wọn ara mi nílé, Ìyá Mùs'áb. Èyí tó pupa ni tèmi. Má wulẹ̀ yọ téèpù." Mo dá a lóhùn pé ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé. Mo rò pé ó ń fi ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yangàn ni. Gbogbo ọ̀nà láti Lọ́ńdọ̀nù, bébà tó ń dúró jẹ́ẹ́, tí kò lẹ́nu, kí èmi má baà wọn òun. Mo sì gé e dànù, nítorí pé Adépéjú wo ìdí mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Adépéjú ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ń pe Alásárì. Ti mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pè, tòkè á gbà á.

Ṣòkòtò ṣì wà ní itan mi. Ọ̀rọ̀ eku náà ti tún padà sẹ́nu mi, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe máa dùn tó — "Haleemah, eku jẹ ẹ́ nídìí" — ó ti dùn kí n tó sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, mo mọ ohun tó máa ṣe. Á fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ á mì. Á ní kò burú, Mosún, á ká ọ̀rá rẹ̀, á máa lọ sílé, Sátidé á dé, a ò ní í rí i ní Kútọ̀. Èmi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú bùbù mi, èmi á tún máa rò pé ẹ̀rín ni mo gbọ́, bíi ti ọjọ́ iléyá.