Fífọ Épírọ̀nù Saloma

“Edna ni kó fọ̀ ọ́.”

Láti orí ibùsùn ni ẹ̀gbọ́n mi, Saloma, ti sọ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó ń ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Verna, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, dáwọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun dúró.

“Edna wo, Màmá?”

“Edna mélòó ni mo bí?”

“Ẹ mọ̀ pé ìjọ ti yọ ọ́.”

“Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí, o ń fi ìborùn mi nu imú.”

Aṣọ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wà lórí itan Saloma: épírọ̀nù funfun tó so mọ́ ìdí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ ìgbéyàwó, obìnrin Ámíṣì, ìjọ tiwa, kì í so ó mọ́. Yóò ká a, yóò tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí, títí di ọjọ́ tí wọn yóò fi sin ín. Tèmi náà wà nínú àpótí tèmi. Ṣùgbọ́n ti Saloma ti pọ́n bí eyín arúgbó, àbàwọ́n jáàmù kan sì wà níwájú rẹ̀ gan-an, nítorí pé nígbà tí Edna wà ní kékeré, ó jí i yọ láti ṣe ìyàwó níwájú àwọn adìyẹ.

“Ẹni tó da jáàmù sí i ni kó wá fọ̀ ọ́,” ni Saloma wí.

“Màmá, èmi lè fọ̀ ọ́. Àǹtí Malinda náà wà níbí.”

Èmi ni Malinda. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ti ní kí a máa gbé e lọ sílé. Kò sì sí ẹni tó ń tan ara rẹ̀ nínú yàrá yẹn.

“Verna, gbọ́ mi. Mi ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ Edna. Mi ò lè bá a jẹun lórí tábìlì kan náà. Òfin nìyẹn, mo sì ń pa á mọ́, bó tilẹ̀ ń dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n òkú kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń wọ aṣọ fún òkú ni.”

“Ta ni yóò wọ̀ ọ́ fún yín? Ṣé kì í ṣe èmi ni?”

“Ìwọ ni. Orí koríko lo ti máa ká a, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ lo ti máa gbà á.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù.”

“Irùngbọ̀n ni kò jẹ́.”

Verna kò rẹ́rìn-ín. Saloma wò ó títí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

“Mo fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi wà lára mi níbi tí mò ń lọ, Verna. Mi ò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ yín.”

Verna dìde, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì lọ sí ilé tẹlifóònù kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, láti pe Edna.

Ọjọ́rú ni Edna dé. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó gbé e wọ àgbàlá wa. Edna ti ṣèrìbọmi, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ, kó tó lọ fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ara wa. Ẹni tó bá lọ láìtíì ṣèrìbọmi, a lè bá a jẹun. Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ tó sì lọ, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“O ti rù.”

“Ẹ̀yin náà ti rù.”

“Tèmi nídìí. Ṣé ọkùnrin yẹn kì í fún ọ lóúnjẹ ni?”

“Èmi ni mò ń sè é, Màmá.”

“Háà. Ó yé mi wàyí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, lẹ́yìn náà Edna jáde kíákíá, mo sì tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìfọṣọ.

Verna ti gbé ẹyọ ọṣẹ kan sórí tábìlì fún un, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Ọṣẹ èṣí ni, ó funfun, ó le bí òkúta. Òun nìkan ló kù. Lórí àjà tó wà lókè, ọṣẹ tuntun tò lọ rẹrẹ, èyí tí èmi àti Verna fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti omi eérú sè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a pa ẹlẹ́dẹ̀. Kò tíì gbẹ. Eérú ti hù lára rẹ̀ bí iyọ̀. Edna na ọwọ́ sókè, ó mú ọ̀kan, ó sì fi ahọ́n kàn án, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

“Yéè! Ó ń ta bí iná!”

“Kí lo rò tẹ́lẹ̀? Ìgbà òtútù á kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó ṣeé lò.”

“Ọṣẹ ẹlẹ́bú ni a ń rà nílé wa. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ mi gbé e dé, mo fi ahọ́n kan ìyẹn náà. Títí dòní, ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn àlejò.”

Ó fi ọ̀bẹ fá ọṣẹ èṣí náà tán pátápátá sínú omi òjò tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ó ri épírọ̀nù náà sínú rẹ̀. Kò fi pákó ìfọṣọ gbo ó, nítorí aṣọ náà ti fẹ́lẹ́. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé e sókè, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

“Àǹtí, ṣé Màmá máa ń sọ̀rọ̀ mi?”

Mi ò fẹ́ parọ́ fún un. “Rárá. Ṣùgbọ́n nígbà gbogbo ni wọ́n máa ń bi mí bóyá òjò rọ̀ lápá ìlú yín.”

Ó tẹ aṣọ náà sísàlẹ̀ omi, kò sì gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀.

“Verna ńkọ́?”

“Verna ń bẹ̀rù.”

“Láti kékeré ni Verna ti ń bẹ̀rù. Tí a bá jí ápù jẹ, òun ló máa lọ jẹ́wọ́ kí a tó gbé e mì.”

Ó sè é lórí iná tí kò le. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣan, ó sì kán búlúù díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn. Àbàwọ́n jáàmù náà ló gbà á lákòókò jù, ṣùgbọ́n ó lọ. Nígbà tó tẹ́ aṣọ náà sórí koríko níwájú fèrèsé ìyá rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé e sókè ní etí méjèèjì kí Saloma lè rí i. Mo wà nínú yàrá lákòókò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè kúrò lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀.

“Malinda, ṣé ojú mi ni, àbí ó funfun ju ti ọjọ́ yẹn lọ?”

“Ó funfun jù ú lọ.”

“Ó ṣeun. Mo ti rí i.”

Tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni Edna ti jẹun, àwa yòókù sì jẹ tiwa lórí tábìlì ńlá. Ó ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ Verna níbi ìdáná.

“Jẹ́ kí ìrì dídì pa á mọ́jú. Lọ́la, á tún funfun sí i.”

“Mo gbọ́,” ni Verna dáhùn. Kò yí ojú kúrò lára ìkòkò.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìfọṣọ wa. Nígbà tí mo wá ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo rí èéfín lórí ilé ìfọṣọ, ibẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá Verna níbẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ pákó ìfọṣọ, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n fòò títí dé ìgúnpá.

“Verna, kí lò ń fọ̀ ní Ọjọ́bọ̀?”

Ó ń gbo aṣọ náà lọ. Mo wo inú garawa náà. Épírọ̀nù ìyá rẹ̀ ni.

“Mo fẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Ọwọ́ ta?”

“Ọwọ́ Edna. Mi ò lè sùn. Mo ń rí Màmá níwájú Ọlọ́run, tí Ó ń bi wọ́n léèrè pé ta ló fọ aṣọ yìí. Tí Màmá bá dá a lóhùn, èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún wọn! Èmi ni mo gbé àìgbọràn wọ̀ wọ́n, tí wọn ò sì lè bọ́ ọ mọ́! Mo rò pé tí mo bá tún un fọ̀, tí Màmá ò sì mọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, ọkàn tèmi náà á balẹ̀.”

“Ọṣẹ wo lo lò?”

Ó na ìka sí àjà.

“Ìyẹn? Ìwọ tí o ń se ọṣẹ láti ìgbà tí o kò tíì ga tó ìkòkò?”

“Edna ti lo èyí tó gbẹ tán. Omi rẹ̀ ló kù, ọwọ́ rẹ̀ ló sì pò ó. Mi ò lè lò ó! Mo ní tí mo bá ti yára ṣan án, kò ní ṣe nǹkan. Àmọ́ ọwọ́ mi kò dúró. Mo ń gbo ó, mo ń gbo ó.”

Mo gbé aṣọ náà jáde nínú omi. Iwájú rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ibi tí kò ya sì ti pọ́n bí omi ẹ̀gbo. Mo bá a fi omi tútù ṣan ọwọ́, awọ ìka rẹ̀ ti ń bó.

“O máa sọ fún ìyá rẹ.”

“Mo mọ̀.”

Ó sọ fún un, mi ò sì bá a dá sí i. Saloma gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Gbé e wá.”

Ó tẹ́ aṣọ tútù náà sórí itan ìyá rẹ̀. Saloma ki ìka kan bọ inú ihò tó tóbi jù, ó wo ìka náà, ó sì yọ ọ́.

“Edna mọ̀?”

“Rárá, Màmá.”

“Má sọ fún un.”

“Màmá…”

“Mo ní má sọ fún un! Ó fi ìrora rìn wá síbí, ó sì fi ayọ̀ lọ. Jẹ́ kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.”

Verna kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. “Ẹ bá mi wí, Màmá. Ẹ bú mi. Ẹ ṣe nǹkan kan sí mi.”

“Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹ wá nǹkan mìíràn wọ̀ fún mi. Èyíkéyìí.”

Ó yí ojú sí ògiri. Ó gbé ọwọ́ lé orí Verna lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa épírọ̀nù mọ́, kò sì wo ojú fèrèsé mọ́. Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ dáadáa, ó ti lọ.

Nígbà tí a fẹ́ wọ aṣọ fún un, Verna lọ sílé rẹ̀, ó sì gbé épírọ̀nù kan dé, ó funfun, ìlà kíká rẹ̀ ṣì mú. Mo mọ ìránṣọ rẹ̀. Èmi ni mo rán an fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ.

“Kí ni wọn yóò fi sin ìwọ?”

“Wọ́n á rí nǹkan.”

Pósí tiwa, ìdérí rẹ̀ pín sí méjì: wọn a máa ṣí ti òkè láti àyà dé orí fún àwọn tó wá wo òkú, ti ìsàlẹ̀ a sì wà ní pípadé. Edna dúró títí gbogbo ènìyàn fi wò ó tán. Ó tẹ̀ ba lórí ìyá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá bá wa ní ilé ìdáná, níbi tí èmi àti Verna ti ń gé búrẹ́dì fún àwọn àlejò.

“Verna, ṣé ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn?”

Ọ̀bẹ Verna dúró. Mo wo ilẹ̀. Mo mọ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ẹni tí kò lè gbé ápù tí wọ́n jí mì.

“A wọ̀ ọ́ fún wọn.”

“Èyí tí mo fọ̀?”

“Èyí tí o fọ̀.”

“Ìrì dídì sì mú un funfun?”

“Ó funfun. Àbàwọ́n jáàmù náà, ènìyàn ò lè mọ ibi tó wà rí.”

Edna fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Gbogbo ọ̀nà títí mo fi délé lọ́jọ́ yẹn, mo ń sọ fún ara mi pé, ‘Mo mọ Verna, ó máa tún un fọ̀ ni.’ Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ sí ọ. Ṣé o máa dárí jì mí?”

“Mo ti dárí jì ọ́.”

“O ṣeun, àbúrò mi. O ṣeun gan-an ni.”

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ níta. Mo dúró títí ìró ọkọ̀ wọn fi jìnnà.

“Verna, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò jìnnà mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá ní irọ́ lọ́kàn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ kó tó jẹ ẹ́.”

“Tí mo bá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, ó máa dé etí Edna.”

“Kí wá lo máa ṣe?”

Ó gé búrẹ́dì kan, ó gé òmíràn, ó tò wọ́n sórí àwo fún àwọn àlejò.

“Mi ò ní jẹ ẹ́,” ó ní, ó sì gbé àwo náà jáde.